"Lọ́dọ̀ Rẹ": Kútúbà Jímọ̀ Lórí Wíwá Ilé Ìtọ́jú fún Òbí Tí Ó Ti Darúgbó

KÚTÚBÀ KÌÍNÍ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó mú wa wá sáyé ní ọmọ ọwọ́ tí kò lè gbé orí ara rẹ̀ dúró, tí ó fún wa ní agbára lẹ́yìn àìlágbára, tí ó sì tún ń dá ẹni tí ó bá wù Ú padà sí àìlera àti ewú orí. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Ọlọ́hun nìkan ṣoṣo. A sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad ẹrú Rẹ̀ ni, òjíṣẹ́ Rẹ̀ sì ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di Ọjọ́ Ẹ̀san.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń sọ àsọọ́lẹ̀ ìpayà Ọlọ́hun fún yín, a sì ń sọ ọ́ fún ara wa ṣáájú yín.

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, a kì í sábà gbọ́ ọ lórí mínbárì. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ìyá ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ nínú ilé ìdáná ni, lẹ́yìn tí Màmá bá ti sùn. Láàárín ọdún kan yìí, ìdílé mẹ́ta nínú ìjọ wa ti wá bá àwa tí a ń ran Lẹ́mọ́mù lọ́wọ́ pẹ̀lú ìbéèrè kan náà. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a gbé òbí wa lọ sí ilé ìtọ́jú àgbà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù yìí? Bí kì í bá ṣe ẹ̀ṣẹ̀, báwo ni a ó ṣe mọ ilé tí ó dára? Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń fẹ́ kí a dáhùn kíákíá. Ṣùgbọ́n inú èkejì ni ìdáhùn èkíní fara pamọ́ sí.

Ọ̀kan nínú àwọn ìdílé náà yọ̀ǹda pé kí a sọ ìtàn wọn, bí a kò bá ti dárúkọ. Ìyá wọn ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Àwọn tí ó ti pẹ́ nínú ìjọ yìí ti fi mọ́ínmọ́ín ọwọ́ rẹ̀ ṣínu ní Rámádánì, wọn kò sì lè gbàgbé adùn rẹ̀. Àìsàn ìgbàgbé tí àwọn dókítà ń pè ní dementia dé sí i. Ó kọ́kọ́ ń wá kọ́kọ́rọ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé ìkòkò lé iná, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí èéfín fi kún ilé. Ní òru ọjọ́ kan nínú ọ̀gìnnìtìn, wọ́n rí i ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú aṣọ ìsùn àti ìborùn, ó ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ọjà Ọjẹ́ ní Ìbàdàn.

Ọmọbìnrin rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé jẹ́ nọ́ọ̀sì tí ó ń ṣiṣẹ́ òru. Ọdún mẹ́rin ni ó ti ń dá ìtọ́jú náà ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà ní Milton Keynes, èkejì sì wà ní Ìbàdàn. Èyí tí ó wà ní Ìbàdàn ni ó bínú jù. Ó ní bí wọ́n bá gbé ìyá òun lọ sí ibi tí àwọn òyìnbó ń kó arúgbó dà sí, kí wọ́n má pe òun mọ́. Ẹ jẹ́ kí a sọ eléyìí, kí ó má sì bí ẹnikẹ́ni nínú: ẹni tí ohùn rẹ̀ ga jù lórí fóònù kì í sábà jẹ́ ẹni tí ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn ní aago mẹ́ta òru.

Ẹ̀yin ará wa, gbogbo wa ni a mọ ibi tí a máa ń tọ́ka sí bí ọ̀rọ̀ òbí bá délẹ̀. Nínú Súrà al-Isrā', áyà 23 àti 24, Ọlọ́hun so ṣíṣe dáadáa sí òbí méjèèjì pọ̀ mọ́ jíjọ́sìn fún Òun nìkan. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìgbà tí ọjọ́ ogbó bá bá ọ̀kan nínú wọn tàbí àwọn méjèèjì, Ó sì kọ̀ fún wa láti ṣe ṣíọ̀ sí wọn, ká má tíì sọ pé a ó jágbe mọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀ tí ojú wa máa ń fò: ‘indaka. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "lọ́dọ̀ rẹ". Ọjọ́ ogbó tí ó bá wọn lọ́dọ̀ rẹ.

Àwọn kan di ọ̀rọ̀ yìí mú pé ilé ọmọ nìkan ni ó túmọ̀ sí. A kò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ wọn sẹ́yìn, nítorí pé ilé wà nínú "lọ́dọ̀ rẹ" lóòótọ́, òun sì ni ìpìlẹ̀. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó lọ mu ọmú ọmọ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n a mọ ìyá kan nínú ìlú yìí tí ó wà nínú ilé ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ láti aago méje àárọ̀ títí di aago méje alẹ́, tí ó ń jókòó sínú ìtọ̀ títí ọmọ yóò fi dé. Ṣé ọ̀dọ̀ ọmọ náà ni ó wà? Abẹ́ òrùlé ọmọ ni ó wà. "Lọ́dọ̀ rẹ" kan ojú rẹ, ó kan ọwọ́ rẹ, ó kan etí rẹ, ó sì kan ohun tí ìwọ yóò fi dáhùn níwájú Ọlọ́hun. Ẹni tí òbí rẹ̀ wà ní ilé ìtọ́jú, tí ó mọ ohun tí ó jẹ lánàá, tí ó mọ orúkọ ẹni tí ó wẹ̀ fún un, tí wọ́n ń pè kí wọ́n tó yí oògùn rẹ̀ padà, òbí náà ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó gbé e síbẹ̀ tí ó bá tirẹ̀ lọ, òun ni ọ̀rọ̀ ìbínú ará Ìbàdàn yẹn bá wí.

Nítorí náà, kí a tó dé ilé ìtọ́jú, kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó ṣeé ṣe nílé. Òfin Care Act ti ọdún 2014 ní kí kánsù ṣe àyẹ̀wò ẹnikẹ́ni tí ó bá jọ pé ó nílò ìtọ́jú, ì báà lówó, ì báà má lówó. Ọmọ tí ń tọ́jú rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ sí àyẹ̀wò tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò béèrè rí, nítorí ẹ̀rù ń bà wá pé bí kánsù bá wọlé wa, wọn yóò kó Màmá lọ. Olùtọ́jú tí ń wá sílé lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, ibùdó tí àwọn àgbà ń lọ lọ́sàn-án, owó Attendance Allowance tí wọn kì í wo dúkìá ẹni kí wọ́n tó san: ìwọ̀nyí ti jẹ́ kí àwọn ìyá mìíràn nínú ìjọ yìí wà nílé fún ọdún púpọ̀. Ilé tí wọ́n ń pè ní extra care wà pẹ̀lú, níbi tí arúgbó ti ní ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, tí olùtọ́jú sì wà nítòsí tọ̀sán-tòru. Ó bá ẹni tí iyè rẹ̀ ṣì pé mu. Bí ẹ bá fẹ́ ra ilé nínú àgbègbè tí wọ́n kọ́ fún àwọn tí ó ti fẹ̀yìntì, ẹ ka ìwé àdéhùn rẹ̀ tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Owó àbójútó wà tí wọn yóò máa gbà lemọ́lemọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì tún ń gba owó mìíràn lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ bá fẹ́ ta ilé náà.

Kí oníkálukú sì wo inú ara rẹ̀. Ọmọ kan wà tí ó ń gbé ìyá rẹ̀ lọ nítorí pé agbára rẹ̀ ti pin. Ọmọ kan wà tí ó ń gbé e lọ nítorí pé ó fẹ́ fi yàrá rẹ̀ gba ayálégbé. Ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì yóò fọwọ́ sí, ilé kan náà ni wọ́n sì lè gbé ìyá wọn lọ. Ọlọ́hun ni ó mọ èyí tí ó jẹ́ èwo.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ni a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi. Ó yà wá lẹ́nu pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìdílé yìí ṣe ìpàdé lórí fóònù, tí ẹnì kankan kò bi Màmá. Wọ́n ní kò mọ nǹkan mọ́. Òfin Mental Capacity Act ti ọdún 2005 ní kí a gbà pé àgbàlagbà lè pinnu fún ara rẹ̀ àyàfi bí a bá fi hàn pé kò lè ṣe é, kí a sì kọ́kọ́ ràn án lọ́wọ́ láti pinnu. Kò yẹ kí òfin òyìnbó bọ̀wọ̀ fún ìyá wa jù wá lọ. Àárọ̀ ni a bi í, lẹ́yìn tí ó ti mu ògì, nígbà tí ojú rẹ̀ dá. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé: "Ibi tí wọn yóò ti jẹ́ kí n kírun, tí wọn ò sì ní máa jágbe mọ́ mi."

Nǹkan méjì péré. Òun ni a gbé dání lọ sí ilé mẹ́ta tí a bá àwọn ọmọ rẹ̀ yẹ̀ wò.

Ilé kìíní lẹ́wà. Òdòdó wà lẹ́nu ọ̀nà, kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nípọn, wọ́n sì ní ẹ̀rọ kọfí fún àlejò. Ìwé Care Quality Commission, àjọ tí ń yẹ ilé ìtọ́jú wò ní England, wà lára ògiri gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, ó sì sọ pé ilé náà dára. Ìpele mẹ́rin ni àjọ náà ní: ó tayọ, ó dára, ó nílò àtúnṣe, kò kún ojú òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ máa wo ọjọ́ tí ó wà lórí ìwé náà. Èyí tí a rí yìí ti lé ní ọdún mẹ́rin, alábòójútó tí ó wà níbẹ̀ nígbà náà sì ti lọ. Ẹ ka gbogbo ìròyìn náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣe tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n kọ gàdàgbà sókè rẹ̀. Nínú pálọ̀, àwọn arúgbó bí méjìlá jókòó yí tẹlifíṣọ̀n ká, kò sì sí ẹni tí ó ń wò ó. Bàbá kan ń sọ pé òun fẹ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Olùtọ́jú tí ń kọjá ní òun ń bọ̀. Ó tún kọjá, ó tún ní òun ń bọ̀. A wo aago wa. Nígbà tí ó fi máa di ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, bàbá náà ti dákẹ́, a sì mọ ìdí tí ó fi dákẹ́. Lóòótọ́, kò sí ẹni tí ó jágbe mọ́ ọn.

Ilé kejì, a kò pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní àlejò kò lè dé kọjá yàrá ìgbàlejò àyàfi bí ó bá ti gba ọjọ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ilé tí kò fẹ́ kí ojú ká a mọ́ ti dáhùn ìbéèrè wa.

Ní ilé kẹta, ọ̀dà ara fèrèsé ti ń bó. Òórùn ọbẹ̀ ni ó pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe òórùn ìtọ̀, kì í sì í ṣe òórùn oògùn apakòkòrò tí àwọn kan fi ń bo òórùn ìtọ̀ mọ́lẹ̀. Olùtọ́jú kan, tí kì í ṣe Yorùbá, tí kò sì mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ jẹ́ lójú wa, kúnlẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá ojú ìyá àgbà kan dọ́gba, ó sì dúró títí ìyá náà fi parí gbólóhùn rẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó mú wa wá wò wá, àwa náà wò ó.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ lọ nígbà oúnjẹ. Ẹ tún lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú nígbà tí alábòójútó ti lọ sílé. Ẹ wo èékánná àwọn arúgbó. Ẹ wò ó bóyá ife omi wà níbi tí ọwọ́ wọn tó, àti bóyá awò ojú tí ẹnì kan wọ̀ mọ́. Ẹ béèrè iye olùtọ́jú tí kì í sùn lóru, àti iye nínú wọn tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé náà fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí àwọn tí wọ́n yá láti ibòmíràn fún òru kan. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí ẹnì kan ṣubú kẹ́yìn. Alábòójútó tí ó bá sọ pé arúgbó kankan kò ṣubú rí nínú ilé òun, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni a ti ṣe àṣìṣe, àwa tí ó yẹ kí a mọ̀. A béèrè bóyá wọ́n ń se oúnjẹ hàlálì, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, inú wa sì dùn. A kò béèrè nípa omi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí Màmá débẹ̀, búútà rẹ̀ sọnù. Inú ọgbà ni a ti rí i. Ẹnì kan ti ń fi bu omi rin òdòdó. Kò sí ẹ̀tanú níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé fún wọn pé ìyá yìí kì í fi tákàdá nìkan ṣe ìmọ́tótó láti ìgbà tí ó ti dáyé. Nítorí náà, ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́jú: omi nínú búútà, obìnrin ni kí ó máa wẹ̀ fún obìnrin, ìborùn kí ó tó jáde ní yàrá, apá ibi tí Kíbílà wà. Bí oògùn bá wà nínú ike tí wọ́n fi ohun ara ẹran ṣe, ẹ má ṣe gba oògùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ apòògùn bóyá irú mìíràn wà.

Nípa ìrun, ẹni tí làákàyè rẹ̀ pé ṣùgbọ́n tí kò lè dìde, kí ó jókòó kírun; bí kò bá lè jókòó, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí i; bí omi bá pa á lára, kí ó ṣe táyámọ́mù. Ẹni tí làákàyè rẹ̀ ti lọ, kò sí ọ̀ranyàn lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe bá Màmá jà pé ó ti kírun Ásárì lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ jẹ́ kí ó kí i lẹ́ẹ̀kẹrin.

Ti orúkọ náà ṣe pàtàkì. Nínú àkọsílẹ̀ oṣù àkọ́kọ́, wọ́n kọ ọ́ pé ìyá yìí kì í dáhùn bí a bá pè é. Ọmọ rẹ̀ béèrè orúkọ tí wọ́n fi ń pè é. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ni, láìsí Màmá, láìsí Àlàájà, lẹ́nu ọmọdébìnrin tí ó kéré sí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ìyá tí ó ti gbàgbé ọdún tí a wà kò gbàgbé ẹni tí òun jẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń pè é ní Màmá ni ó ti ń dáhùn. Bákan náà ni ti èdè: Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀, Yorùbá ni ó kù, bí ó ti máa ń rí fún ọ̀pọ̀ ẹni tí àìsàn yìí bá ṣe. Nígbà tí ó ń ké pé "ó ń ta mí", wọ́n rò pé inú ń bí i ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá kọ ọ̀rọ̀ bí ogún sórí tákàdá kan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn: omi, ó ń dùn mí, òtútù ń mú mi, mo fẹ́ tọ̀. Ẹni tí ó kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni ó kọ́kọ́ há wọn sórí.

Ẹ sì sọ̀rọ̀ ikú kí ó tó dé. Ẹni tí wọn yóò pè lóru, nọ́ńbà mọ́ṣáláṣí, àti pé obìnrin Mùsùlùmí ni yóò wẹ òkú obìnrin, kí a má sì fi ìsìnkú falẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá wọlé ni ẹ ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ti owó, a ó sọ ọ́ ní ṣókí. Ní England, ẹni tí owó àti dúkìá rẹ̀ bá ju £23,250 lọ ni yóò san gbogbo owó ilé ìtọ́jú fúnra rẹ̀. Láàárín £14,250 sí iye yẹn, kánsù yóò dá sí i, òun náà yóò sì mú wá nínú ohun ìní rẹ̀. Bí kò bá tó £14,250, owó tí ń wọlé fún un, bí owó ìfẹ̀yìntì, ni wọn yóò wò. Wọn a máa ka ilé mọ́ dúkìá, àfi bí ọkọ tàbí aya rẹ̀, tàbí mọ̀lẹ́bí tí ó ti pé ẹni ọgọ́ta ọdún, bá ti ń bá a gbé ibẹ̀ tí ó sì ṣì ń gbé ibẹ̀. Ẹ má ṣe sáré yí orúkọ ilé padà sí ti ọmọ nígbà tí ọ̀ràn bá ti délẹ̀. Kánsù lè kà á sí pé ilé náà ṣì jẹ́ ti òbí, ẹ̀tàn ni níwájú Ọlọ́hun pẹ̀lú. Kánsù sì lè san owó náà sílẹ̀ títí wọn yóò fi ta ilé, ṣùgbọ́n wọ́n lè gba èlé lórí rẹ̀. Ẹ mú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ wá kí a jọ wò ó kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ìdílé tí a ń sọ yìí mú tiwọn wá, a sì rí ọ̀nà mìíràn: àwọn ọmọ dá owó jọ láàárín ara wọn.

A sọ ọ̀rọ̀ wa yìí, a sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún àwa àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

KÚTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, yíyẹ ilé náà wò kò parí lọ́jọ́ tí Màmá bá wọ ibẹ̀. Láti oṣù April ọdún 2024, òfin ní England ti ní kí ilé ìtọ́jú máa gba àlejò láàyè láti wá kí ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀, àyàfi bí ìdí tí ó lágbára gan-an bá wà. Ẹ lo ẹ̀tọ́ yín. Ọmọbìnrin yìí máa ń yà níbẹ̀ bí ó bá ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó gbọ́ ohùn olùtọ́jú òru kan tí ó ń jágbe mọ́ ìyá rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí Màmá bẹ̀ wá pé òun kò fẹ́. Ó kọ̀wé sí alábòójútó lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ṣe ìwádìí, olùtọ́jú náà kò ṣiṣẹ́ ní yàrá ìyá wọn mọ́. Bí wọ́n bá kọ etí dídi sí i ni, ẹ̀ka tí ń dáàbò bo àwọn àgbà wà ní kánsù, ẹ má ṣe bẹ̀rù láti lọ bá wọn. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe pé ọmọ náà yọ sí wọn ní aago tí wọn kò retí, ta ni ìbá mọ̀? Màmá fúnra rẹ̀ kò lè ròyìn rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni ó wá bá wa pẹ̀lú ẹkún. Ó ní ṣé Ọlọ́hun yóò dárí jin òun. A rán an létí ìparí Súrà al-Baqara, pé Ọlọ́hun kì í di ẹrù tí ó ju agbára ẹ̀mí kan lọ lé e lórí. A sì sọ fún un pé ẹni tí ó gbọ́ ohùn yẹn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ìyá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní Ìbàdàn ṣì ń bínú, a kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àárọ̀ Jímọ̀, wọ́n máa ń gbé fóònù sí etí Màmá, òun náà a sì máa ka Fátíhà fún un. Àwọn olùtọ́jú ní ètè ìyá náà máa ń mì tẹ̀lé e.

Ó ku àwa. Ìyá yìí fi ọwọ́ rẹ̀ bọ́ ìjọ yìí. Oṣù mẹ́jọ ni ó ti wà níbẹ̀, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni ó dé ibẹ̀ láti mọ́ṣáláṣí yìí. Àwa tí a dúró níwájú yín lónìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni a lọ, ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ nítorí búútà. Ní ọjọ́ tí Ọlọ́hun ṣí Mákà fún àwọn Mùsùlùmí, Abū Bakr mú bàbá rẹ̀, Abū Quhāfa, wá sọ́dọ̀ Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Bàbá náà ti gbó, ojú rẹ̀ ti fọ́, orí rẹ̀ funfun báláú. Ànábì béèrè ìdí tí Abū Bakr kò fi jẹ́ kí àgbàlagbà náà jókòó sínú ilé rẹ̀, kí òun fúnra òun lọ bá a níbẹ̀. Ọjọ́ ìṣẹ́gun ni ọjọ́ náà, iṣẹ́ kò wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó ṣe tán láti rìn lọ bá arúgbó kan nínú ilé.

Ìyá yìí àti àwọn àgbà márùn-ún mìíràn nínú ìjọ wa wà ní ilé ìtọ́jú lónìí. Tákàdá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbékọ́ bàtà. Àwọn ìdílé wọn ti gbà pé kí a máa wá. Bí ẹ bá ń jáde, ẹ kọ orúkọ yín àti ọjọ́ tí ẹ lè lọ. Kí àwọn arábìnrin wa kọ orúkọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ìyá. Ẹ má ṣe mú ẹ̀bùn ńlá lọ. Ẹ mú ohùn Yorùbá lọ, kí ẹ sì ní sùúrù láti gbọ́ ìtàn kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Ọlọ́hun, kẹ́ àwọn òbí wa bí wọ́n ti kẹ́ wa nígbà tí a wà ní kékeré. Èyí tí ó ti ṣáájú nínú wọn, tẹ́ ibojì rẹ̀ gbòòrò. Èyí tí ó wà láyé tí iyè rẹ̀ ti ń lọ, má ṣe jẹ́ kí orúkọ Rẹ lọ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọlọ́hun, àwọn ọmọ tí ó ti rẹ̀, tí wọn kò sùn lánàá, fún wọn ní okun, sì tú ọkàn wọn lára. Àwọn ọmọ ìyá tí ọ̀rọ̀ òbí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, pa wọ́n rẹ́. Àwọn àjèjì tí ń fi ọwọ́ wọn wẹ̀ fún àwọn ìyá wa, san wọ́n lẹ́san rere, kí O sì tọ́ wọn sọ́nà. Nígbà tí ó bá kan àwa náà, má ṣe fi wá sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní mọ orúkọ wa. Àmín.

Ẹ dìde sí ìrun.